Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ẹ Má Tíì Yọ Ọ́ Kúrò

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú ọjọ́ Ìsinmi, ẹ sì kú òtútù.

Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n bí èmi bá. Àwọn ọmọ wa tí a bí sí Amẹ́ríkà níbí ló ń ṣàlàyé béésìbọ́ọ̀lù fún mi. Ṣùgbọ́n bí oṣù Ọ̀wàrà bá ti dé, tí ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò kà sí bá ń lé àwọn ńláńlá kúrò lọ́nà, ayọ̀ kì í jẹ́ kí n sùn. Kansas City Royals, ẹgbẹ́ béésìbọ́ọ̀lù kan, ti ọdún 2014 ló fà á.

Láti ìgbà tí wọ́n ti gba ife ní 1985, wọn ò tún fojú kan ìdíje oṣù Ọ̀wàrà, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ tó ta yọ ti ń du ife, mọ́ fún ọdún 29. Ní alẹ́ 30 oṣù Ọ̀wẹwẹ̀, Oakland wá bá wọn nílé. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, ó parí nìyẹn. Nígbà tó di abala kẹjọ nínú mẹ́sàn-án, ayò 7 sí 3 ni, Oakland ló wà níwájú. Àwọn Royals kì í ṣe òmìrán tí ń gbá bọ́ọ̀lù sọdá odi. Ẹsẹ̀ ni wọ́n gbójú lé. Wọ́n sáré, wọ́n jí béèsì méje lóru ọjọ́ náà, ìyẹn ni pé wọ́n sá lọ sí ibùdó tó kàn lójú ọ̀nà ilé, níbi tí wọ́n ti ń gba ayò, láì dúró de ẹni tí yóò gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n bá Oakland dọ́gba, eré bá wọ abala àfikún.

Ní abala kejìlá, ó kan Salvador Perez, ọmọ ẹgbẹ́ Royals, láti gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló ti gbé igi lójú gbogbo ayé lálẹ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló padà lófo. Ned Yost, olórí wọn, kò yọ ọ́ kúrò. Bọ́ọ̀lù tó wá jìnnà sí i gan-an, ó nàgà bá a, bọ́ọ̀lù náà sì gba ẹ̀gbẹ́ Josh Donaldson, ará Oakland, kọjá. 9 sí 8, Royals borí! Mo rántí Pétérù tó ṣe làálàá ní gbogbo òru láìrí ẹja kan, tí Jésù sì ní kó tún ju àwọ̀n.

Wọ́n na Angels lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n na Baltimore lẹ́ẹ̀mẹrin, láìpàdánù ẹyọ kan. Ìgbà tó wá di ìdíje keje, tí í ṣe ìkẹyìn, pẹ̀lú San Francisco nínú àṣekágbá, 3 sí 2, San Francisco ló wà níwájú, Alex Gordon ti wà ní béèsì kẹta, ó ku díẹ̀ kó délé. Perez náà ló tún kàn. Bọ́ọ̀lù ròkè, Pablo Sandoval, ará San Francisco, hán an kó tó kan ilẹ̀. Ó parí. Ó dùn mí wọra.

Yost ò yọ ọ́ síbẹ̀. Ní 2015, wọ́n ṣẹ́gun ẹgbẹ́ Mets ti New York nínú àṣekágbá, Perez ni wọ́n sì yàn ní ẹni tó ta yọ jù lọ.

Ẹ̀yin ará, nínú ìjọ yìí, ọ̀dọ́ tó bá ṣi Bíbélì kà lẹ́ẹ̀kan, a kì í pè é mọ́. Ó ń dùn mí. Àwa alàgbà ti fohùn ṣọ̀kan: ní oṣù tó ń bọ̀, àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni yóò máa ka ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wọn kà á nílé láti Ọjọ́bọ̀.