Constantine kọ́ ló dá ìjọ Kristẹni sílẹ̀ o

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Lẹ́tà tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tí ẹnì kan ti kọ ọ́ pé Constantine ọba Róòmù ló jókòó sí Nicaea, níbi ìpàdé ńlá tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ṣe lọ́dún 325, tó fi dá ẹ̀sìn Kristẹni sílẹ̀, tó ṣa Bíbélì jọ, tó sì ní kí gbogbo ayé máa sin Jésù, ó dùn mí gan-an. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp, àwọn ọmọ yunifásítì tó ń wá ra aṣọ lọ́wọ́ mi ní Balógun ń sọ ọ́ bí ẹni pé kò ṣeé jà, àwa tó sì yẹ ká dá wọn lóhùn nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ṣe là ń ní kí wọ́n lọ gbàdúrà sí i. Àdúrà dáa. Ṣùgbọ́n ìtàn ni wọ́n bi wá, ìtàn ló yẹ ká fi dá wọn lóhùn.

Ẹ jẹ́ n tinú ọjà bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ lèmi ti mọ̀nà jù. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù dé Fílípì ní Masedóníà, obìnrin oníṣòwò kan ló kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ ẹ̀ gbọ́ níbẹ̀, Lídíà ará Tíátírà, tó ń ta aṣọ elésè àlùkò. Kì í ṣe aṣọ lásán o, aṣọ olówó àti ìjòyè ni, aró ẹ̀ wọ́n bí ojú, ẹni tó bá ń ta irú ẹ̀ á ti mọ èèyàn, á ti rin ojú omi rin ojú ọ̀nà, ilé ẹ̀ á sì fẹ̀ tó láti gba àlejò. Ilé Lídíà yẹn ni Pọ́ọ̀lù wọ̀ sí, ibẹ̀ náà ló ti lọ rí àwọn ará nígbà tó jáde lẹ́wọ̀n. Àkúílà àti Pírísílà ìyàwó ẹ̀ náà, oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n, àgọ́ ni wọ́n ń pa, ọba Kíláúdíù lé àwọn Júù kúrò ní Róòmù, wọ́n bá kó lọ Kọ́ríńtì, ibẹ̀ ni wọ́n ti bá Pọ́ọ̀lù pàdé tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n tún bá a dé Éfésù, ibi tí wọ́n bá sì yà sí, ilé wọn ni ìjọ ń pé sí.

Áńtíókù ní Síríà tiẹ̀ tún wú mi lórí jù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ pe àwọn ọmọ ẹ̀yìn ní Kristẹni. Ta ló lọ wàásù fáwọn Gíríìkì níbẹ̀? Àwọn ará Kípírù àti ará Kírénè tí inúnibíni tú ká lẹ́yìn ikú Stéfánù, Kírénè yẹn sì rèé, Líbíà òní ló wà. Ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì ò dárúkọ wọn rárá. Àwọn tá ò morúkọ wọn yìí ti ṣiṣẹ́ tán kí Bánábà tó lọ mú Pọ́ọ̀lù wá.

Bí ẹ̀sìn yìí ṣe tètè tàn náà kì í ṣe àdììtú. Róòmù ti la títì káàkiri, ọkọ̀ ojú omi ń lọ ń bọ̀ lórí òkun Mẹditaréníà, èdè Gíríìkì ni wọ́n fi ń nájà láti Íjíbítì lọ dé Róòmù fúnra ẹ̀, àwọn Júù sì ti ní sínágọ́gù ní ìlú púpọ̀, pẹ̀lú Ìwé Mímọ́ tí wọ́n ti tú sí Gíríìkì kí wọ́n tó bí Jésù.

Ní bí ọdún 112, ìyẹn lé ní igba ọdún ṣáájú Nicaea, gómìnà kan tó ń jẹ́ Pliny wà ní Bithynia, lápá àríwá ilẹ̀ Tọ́kì òní. Ó kọ lẹ́tà sí Trajan ọba Róòmù, lẹ́tà náà ṣì wà títí dòní, pé kí lòun fẹ́ ṣe fáwọn Kristẹni yìí, torí wọ́n ti pọ̀, tọmọdé tàgbà, tọkùnrin tobìnrin, kì í ṣe ní ìlú ńlá nìkan, ó ti wọ abúlé wọ oko. Ó ní ilé òrìṣà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dahoro tẹ́lẹ̀, ẹran ìrúbọ ò fi bẹ́ẹ̀ rí oníbàárà. Ẹni tó bá ń tajà mọ̀ pé tí oníbàárà bá ti sá báyìí, nǹkan ti yí nìyẹn. Ó ní wọ́n máa ń pàdé lọ́jọ́ kan pàtó kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á máa kọrin sí Kristi bí ẹni ń kọrin sí Ọlọ́run. Àwọn tó sì fìyà jẹ kó lè gbọ́ òótọ́ lẹ́nu wọn, ẹrúbìnrin méjì ni, àwọn tí ìjọ fi ṣe òjíṣẹ́. Ẹrúbìnrin o! Ẹ wá fi ọba hàn mí nínú ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ Bíbélì ńkọ́? Lọ́jọ́ 17 oṣù keje ọdún 180, wọ́n kó èèyàn 12 síwájú gómìnà ní Carthage, ilẹ̀ Tùníṣíà òní, ọkùnrin 7 obìnrin 5. Gómìnà bi ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Speratus pé kí ló wà nínú àpótí ẹ̀. Ó ní ìwé ni, àti lẹ́tà Pọ́ọ̀lù, ọkùnrin olódodo. Wọn ò sẹ́, wọ́n bẹ́ wọn lórí. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò, ọdún 145 ló kù kí Nicaea tó dé, lẹ́tà Pọ́ọ̀lù sì ti wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn lásán nílẹ̀ Áfíríkà. Lọ́dún 303 Diocletian ọba Róòmù pàṣẹ pé kí wọ́n wó ilé ìjọsìn, kí wọ́n dáná sun ìwé mímọ́ wọn. Tí ò bá sí ìwé kankan títí di 325, kí ni wọ́n wá sun?

Nicaea ò jókòó lórí ìwé wo ló máa wọ Bíbélì. Ọ̀rọ̀ Arius ló kó wọn jọ, àlùfáà kan ní Alexandria tó ń kọ́ni pé ìgbà kan wà tí Ọmọ ò tíì sí, wọ́n sì tún yanjú ọjọ́ tí wọn á máa ṣọdún Àjíǹde. Athanasius bíṣọ́ọ̀bù Alexandria ló to ìwé 27 Májẹ̀mú Tuntun lẹ́sẹẹsẹ bá a ṣe ní in lónìí, nínú lẹ́tà ọdún Àjíǹde ẹ̀ ti 367. Constantine ti kú láti 337.

Èmi tí mo jẹ́ ìyá, mi ò lè kọ lẹ́tà yìí tán kí n má dárúkọ Perpetua. Carthage yẹn náà ni, ọdún 203. Ọmọ ọdún bíi 22 ni, ọmọ ẹ̀ ṣì ń mu ọmú, bàbá ẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́ lẹ́wọ̀n pé kó wo ewú orí òun kó sẹ́ ẹ̀sìn yìí, ó kọ̀. Òun fúnra ẹ̀ ló kọ ohun tójú ẹ̀ rí lẹ́wọ̀n sílẹ̀, a ṣì ń kà á títí dòní. Felicitas ẹrúbìnrin tí wọ́n jọ wà níbẹ̀, inú ẹ̀wọ̀n ló bímọ sí. Wọ́n kó wọn síwájú ẹranko, wọ́n sì fi idà pa wọ́n. Ẹni tó bá ní ọba ló dá ẹ̀sìn yìí sílẹ̀ lọ́dún 325, ó ti gba ikú àwọn obìnrin yìí lọ́wọ́ wọn, ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Mi ò ní ká má fún Constantine ní tiẹ̀. Òun àti Licinius tí wọ́n jọ ń jọba Róòmù ló fún àwọn Kristẹni lómìnira lọ́dún 313 tí wọ́n sì ní kí wọ́n dá ohun ìní wọn padà, ó náwó kọ́ ilé ìjọsìn, ó sọ Sunday di ọjọ́ ìsinmi lọ́dún 321. Kò sọ ẹ̀sìn Kristẹni di ẹ̀sìn ìjọba, Theodosius, ọba Róòmù tó jẹ lẹ́yìn ẹ̀, ló ṣèyẹn lọ́dún 380. Yàtọ̀ síyẹn, ìjọba Aksum ní Ètíópíà ò sí lábẹ́ Róòmù, síbẹ̀ Ezana ọba wọn gba Kristi láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin, nípasẹ̀ Frumentius, ará Tírè, tó ti ń gbé láàfin láti kékeré, ó sì fi àgbélébùú sórí owó ẹ̀.

Àwa ará Èkó gan-an ló yẹ kó tètè yé. Àwọn Sàró tó ti Freetown padà wá, tí wọ́n tẹ̀dó sí Ọlọ́wọ̀gbówò, oníṣòwò pọ̀ nínú wọn, wọ́n mú Bíbélì àti orin wọn bọ̀ nílé. Àwọn Àgùdà náà, kí àwọn fadá tó wá jókòó sí Èkó, Padre Antonio, ẹni tó ti ṣẹrú rí, ló ń kó wọn jọ gbàdúrà, tó ń ṣèrìbọmi fọ́mọ wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kẹ́ ẹ gbé 313, 325, 367 àti 380 jáde lójú ewé kan náà tẹ́ ẹ gbé lẹ́tà ọ̀hún sí, pẹ̀lú ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Tí àyè bá tún wà, ẹ wá ọ̀jọ̀gbọ́n kan kó tú lẹ́tà Pliny sí Yorùbá fún wa, kò gùn rárá, ojú ewé kan á gbà á, kẹ́ni tó gbà àti ẹni tí ò gbà fojú ara wọn kà á.

Èmi ni tiyín,
Oníṣòwò aṣọ,
Balógun, Lagos Island.