Ẹ má fi orúkọ Ọlọ́run dí àlàfo ìṣúná

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá àyè díẹ̀ fún ọ̀rọ̀ kan tó ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ tí a ti ṣe ìpàdé ìṣúná ìjọ wa ní Kubwa níbí. Èmi ni akápò ìjọ. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo sì fi ṣe iṣẹ́ ìwé owó ní iléeṣẹ́ ìjọba kan ní Abuja kí n tó fẹ̀yìn tì.

Lọ́jọ́ náà, ohun tí a fẹ́ ná fi mílíọ̀nù mẹ́rin náírà ju ohun tí a retí pé yóò wọlé. Mo ní ká yọ nǹkan kúrò. Bùọ̀dá kan nínú ìgbìmọ̀ gba bírò lọ́wọ́ mi, ó kọ ìlà tuntun sábẹ́ owó tó ń wọlé: "Owó ìgbàgbọ́, ₦4,000,000." Ó ní, "Akápò, Baba wa ló ni fàdákà, òun náà ló ni wúrà. Ẹ má mikàn." Gbogbo ilé ṣe àmín, ìwé sì dọ́gba. Bí mo ṣe jáde, mo bá ọkùnrin tó ń ṣọ́ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di fìlà rẹ̀ mú. "Sannu da aiki, Baba," ló fi kí mi, ìyẹn ẹ kú iṣẹ́ ní èdè Haúsá. Kò béèrè nǹkan kan. Owó oṣù mẹ́ta ni a jẹ ẹ́, orí owó ìgbàgbọ́ yẹn la sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lé.

Mo mọ ìlà yẹn dáadáa, mo ti rí i nínú ìwé tó tóbi ju tiwa lọ. Ẹ wo ìṣúná ìjọba àpapọ̀ ọdún 2025. Tírílíọ̀nù 49.7 náírà ni Ààrẹ gbé lọ síwájú àwọn aṣòfin ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Nígbà tí yóò fi jáde lọ́dọ̀ wọn ní oṣù Kejì, ó ti di tírílíọ̀nù 54.99. Ohun tí wọ́n gbé e lé ni pé a ó máa wa epo àgbá mílíọ̀nù 2.06 lójúmọ́, a ó sì máa ta àgbá kan ní dọ́là 75. Oṣù Kẹrin kò tíì parí tí epo ti wálẹ̀ kọjá dọ́là 65 lọ́jà àgbáyé, èyí tí à ń wà kò sì dé mílíọ̀nù méjì. Owó tí a yà sọ́tọ̀ fún gbèsè nìkan jẹ́ tírílíọ̀nù 14.32, ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ìnáwó lọ. Òfin ìnáwó ìjọba tí a fọwọ́ ara wa ṣe ní 2007 sọ pé àlàfo ìṣúná, ìyẹn iye tí ìnáwó fi ju owó tó ń wọlé lọ, kò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí orílẹ̀-èdè wa lápapọ̀ ń pèsè lọ́dún, àfi tí ewu ààbò bá wọ̀ ọ́. Ìdá 3.89 ló wà nínú àbá náà látìbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ àkànṣe inú ìṣúná 2024 kò sì tíì parí ní 2025 yẹn, ṣe ni wọ́n ń sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú, tí ìṣúná méjì wá ń rìn pọ̀ nígbà náà.

Owó ìgbàgbọ́ ni epo tí kò tíì jáde nínú ilẹ̀, olóòtú. Bẹ́ẹ̀ láti inú "ṣún owó ná" la ti mú ọ̀rọ̀ ìṣúná.

N kò sọ pé gbèsè burú ní gbogbo ọ̀nà. Owó tí a yá lọ́wọ́ ilẹ̀ Ṣáínà wà nínú ọkọ̀ ojú irin Abuja sí Kaduna tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2016, mo sì máa ń wọ̀ ọ́ lọ sílé. Ṣùgbọ́n Jósẹ́fù kó ìdá kan nínú márùn-ún irè oko Íjíbítì pamọ́ ní ọdún méje ọ̀pọ̀. Àwa náà dá àpò kan sílẹ̀ ní 2004 fún owó epo tó bá lé sí i. Nǹkan bíi bílíọ̀nù 20 dọ́là ló wà níbẹ̀ ní ìparí 2008. Kí ọdún 2022 tó parí, kò ku mílíọ̀nù kan dọ́là níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni a ó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, a ó ní kí Baba bá wa ṣe é.

Ní ìjọ wa, àwọn àgbà ń bá àwọn ọ̀dọ́ wí pé wọn kò bọ̀wọ̀ fún Ọlọ́run mọ́, pé wọ́n ń pè é ní Dádì, pé wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́. Ọmọkùnrin kan gbé ike omi tútù lé orí tábìlì oúnjẹ Olúwa níbi tí wọ́n ti ń dán gbohùngbohùn wò. Mo rí i fúnra mi, omi náà fi àmì róbótó sára aṣọ funfun. Ó dùn mí. Àmọ́ bùọ̀dá tó kọ owó ìgbàgbọ́ ló bá ọmọ náà wí jù. A ti fọ aṣọ yẹn, ó ti mọ́. Owó ọkùnrin ẹnu ọ̀nà ṣì wà lọ́rùn wa.

Kaduna ni wọ́n bí mi sí. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, onítẹ̀bọmi, ó ń ta aṣọ lọ́jà. Àwọn ìyá mi ń ṣe Kérúbù àti Séráfù, wọ́n máa ń bọ́ bàtà sílẹ̀ kí wọ́n tó wọlé Olúwa, bí a ṣe ní kí Mósè bọ́ tirẹ̀. Kò sí ẹni tó jẹ́ sọ "o" fún bàbá mi nínú ilé wa, "ẹ" ni gbogbo wa ń wí. Ṣùgbọ́n ní ìdájí, tó bá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, "Ìwọ" ló ń pe Ọlọ́run. Ìwọ, bí ẹni ń pe ẹni tí wọ́n jọ jẹun. Orúnkún rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Ohun tí mo ń gbọ́ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni pé ó ń ka gbèsè rẹ̀ fún Ọlọ́run, pẹ̀lú iye rẹ̀: èyí tó jẹ oníṣòwò kan, èyí tí ẹnìkan jẹ ẹ́, èyí tó kù nínú owó ilé ìwé wa. Kò fi náírà kan kún un. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí ènìyàn ṣe ń sún mọ́ Ọlọ́run, ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ ọ̀wọ̀. N kò rí ibi tí a ti lè ya méjèèjì.

Nínú orí kan náà nínú Ìwé Sámúẹ́lì Kejì, Úsà fọwọ́ kan àpótí ẹ̀rí, ó kú. Dáfídì jó níwájú àpótí kan náà, Ọlọ́run kò bínú sí i. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa jó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pè é ní Dádì tó bá ti ọkàn wọn wá. Wòlíì Hágáì tí bùọ̀dá wa mú ọ̀rọ̀ fàdákà àti wúrà lẹ́nu rẹ̀, ní orí kìíní ìwé rẹ̀ ló ti bá àwọn tó ń gba owó iṣẹ́ sínú àpò tó ti lu wí. Orí kejì nìkan la máa ń kà ní ìpàdé.

Mo bẹ àwọn aṣòfin wa, kí wọ́n fi iye epo tí a wà lódún tó kọjá ṣe ìṣirò, kí wọ́n sì pa ìwé ọdún kan dé kí wọ́n tó ṣí òmíràn. Mo bẹ àwọn pásítọ̀ tí wọ́n ń pè wá gbàdúrà fún ìṣúná ìjọba, kí wọ́n kọ́kọ́ ka iye tó wà nínú rẹ̀ fún wa lórí pẹpẹ.

Ní tèmi, ìgbìmọ̀ wa tún máa jókòó ní Sátidé. Mo ti fa igi lé ìlà owó ìgbàgbọ́, mo ti yọ owó gbohùngbohùn tuntun, mo sì ti kọ owó oṣù mẹ́ta ọkùnrin ẹnu ọ̀nà sókè pátápátá. Wọ́n lè dìbò pé kí n dá a padà síbi tó wà. Lórí ìkúnlẹ̀ ni n ó ti ní kí wọ́n dì í.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Akápò ìjọ kan,
Kubwa, Abuja.