Lẹ́tà Ẹ̀sùn: Ta Ló Ní Kí Ẹ Fọ Sílè Ìyá Bàbá Mi?

Tánkẹ̀, Ìlọrin.

Sí Ọ̀gá Àgbà ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ owó àtijọ́ wò, tó sì ń díye lé e,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà kẹrin tí mo máa kọ sí yín nìyí, òun náà ni mo sì fẹ́ kó kẹ́yìn. Mi ò ní tún máa ka nọ́ńbà fáìlì àti ọjọ́ tí mo fi ẹrù ránṣẹ́, gbogbo rẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ń béèrè láti oṣù Kẹta: ta ló fọ sílè mi?

Ọmọkùnrin yín tó kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ mi kò ṣe mí níbi. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ìyá, bó ṣe wà yìí náà lẹ óò ṣe gbà á padà. A máa yẹ̀ ẹ́ wò, a máa díye lé e, a máa fi í sínú ike. Nǹkan kan ò ní kan ojú rẹ̀." Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì, ó búra. Ohun tó sọ yẹn ni mo gbọ́ tí mo fi san ₦45,000, torí ní ti owó àtijọ́, ojú rẹ̀ ni iye rẹ̀ wà.

Nígbà tó yá, ìwé yín ọjọ́ 12 oṣù Kejì dé. Ẹ ní àwọ̀ búlúù àti pupa tó wà lára sílè náà kì í ṣe ojúlówó, pé ó jọ pé wọ́n fi oògùn kùn ún. Ó dùn mí, àmọ́ mo gbà pé ojú ẹni lè tàn án. Ìwé ọjọ́ 3 oṣù Kẹta tún dé pẹ̀lú owó náà: ẹ ní funfun ló dé ọ̀dọ̀ yín, pé èmi ni mo ti fọ̀ ọ́ kí n tó fi ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, bó bá funfun nígbà tó dé, níbo lẹ ti rí búlúù àti pupa tí ẹ kọ sínú ìwé àkọ́kọ́?

Èmi mọ ibi tí àwọ̀ náà ti wá. Sílè méjì ni wọ́n, ọdún 1913 ló wà lára méjèèjì, igi ọ̀pẹ lójú kan, orí Ọba George Karùn-ún lójú kejì. Kíjìpá ni ìyá tó bí bàbá mi ń hun ní Òmù-Àrán, sílè méjèèjì wà lára owó aṣọ tí wọ́n san fún wọn. Wọ́n wé wọn sínú bébà, wọ́n fi àkísà kíjìpá dì wọ́n, wọ́n tì wọ́n mọ́ ìdí àpótí. Fàdákà gidi ni, ìdá 92.5 nínú 100. Ọdún 1920 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ ṣe sílè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Fàdákà tó bá sì wà nínú bébà fún ọ̀pọ̀ ọdún, imí-ọjọ́ inú bébà àti inú afẹ́fẹ́ á máa mú un díẹ̀díẹ̀, láti etí wọ àárín. Níbi tí àwọ̀ náà bá ti fẹ́lẹ́, á rí bíi wúrà. Bó bá nípọn díẹ̀ sí i, á di elésè-àlùkò, lẹ́yìn náà á di búlúù. Bí tiwa ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn: búlúù létí, elésè-àlùkò tẹ̀ lé e, wúrà láàárín, ọ̀kan ń yọ́ wọ inú èkejì, ẹ ò ní mọ ibi tí wọ́n ti pààlà. Àwọ̀ tí èèyàn fi ìkánjú kùn kì í sábà tò bẹ́ẹ̀.

Èkejì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Lálẹ́ ọjọ́ tí ti ọ̀dọ̀ yín dé, mo gbé méjèèjì sábẹ́ gílóòbù. Bí mo ṣe ń yí ti ilé síhìn-ín sọ́hùn-ún, ìmọ́lẹ̀ ń sáré yí ojú rẹ̀ po lábẹ́ àwọ̀ náà. Ti ọ̀dọ̀ yín ti kú. Ó funfun bí ìkòkò àlúmíníọ́mù tí wọ́n fi eérú họ, ìmọ́lẹ̀ ò rìn lórí rẹ̀ mọ́. Ìlà wẹ́wẹ́ kún irùngbọ̀n ọba, gbogbo wọn kọjú síbì kan náà, ọwọ́ ẹni tó fi aṣọ nù ún nìyẹn. Nínú kọ̀rọ̀ àwọn lẹ́tà etí rẹ̀, dúdú díẹ̀ ṣì kù tí omi oògùn tí ẹ fi fọ̀ ọ́ ò ráyè dé. Omi oògùn yẹn kì í bó àwọ̀ nìkan, ó ń bó fàdákà abẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó lè dá a padà, ẹ̀yin tí ẹ ń fi iṣẹ́ yìí jẹun sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, ká ní ẹ sọ pé, "Ìyá, ẹ forí jìn wá, ọmọ iṣẹ́ wa ṣàṣìṣe," à bá ti parí ẹ̀. Ẹ ní kí n lọ sí ẹ̀ka yín ní Ìbàdàn. Mo wọ mọ́tò lọ, wọ́n ní Èkó ni. Mo lọ sí Èkó pẹ̀lú orúnkún tó wú, wọ́n ní kí n jókòó de ọ̀gá. Mo jókòó láti aago mẹ́wàá títí di aago mẹ́rin, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ló ṣàánú mi tó sọ fún mi pé ọ̀gá ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ọ̀gá yìí kan náà ló ní òun á pè mí lọ́jọ́ Jímọ̀. Jímọ̀ márùn-ún ti kọjá.

Ọmọbìnrin yín tó ń gbé fóònù ló wá dá egbò sí mi lọ́kàn. Ó ní, "Màmá, o ò ṣe dúpẹ́ pé a bá ọ fọ owó rẹ? Ó dọ̀tí nígbà tó dé." Ó ń fi "o" àti "ìwọ" bá mi sọ̀rọ̀, èmi tí àbígbẹ̀yìn mi jù ú lọ. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ níwèé, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó "ìwọ" mi rí. Kó tó gé fóònù, mo gbọ́ tó ń sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Màmá Ìlọrin tún ti dé o," wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Àmọ́ ohun tí ìwé yín méjèèjì fi pamọ́, òun ló fẹnu ara rẹ̀ sọ: ẹ̀yin lẹ fọ̀ ọ́. Ọmọ mi wà níbẹ̀, ó gbọ́, ó sì kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀.

Mo fẹ́ fọ́tò tí ẹ yà lọ́jọ́ tí sílè náà dé ọ̀dọ̀ yín. Mo fẹ́ ìwé tí ẹ fọwọ́ sí pé ẹ̀yin lẹ fọ̀ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa pe èmi tàbí àwọn ọmọ mi ní oníjìbìtì lọ́la. Ẹ dá ₦45,000 mi padà, ẹ san owó mọ́tò mi, ẹ sì san ohun tí ẹ bó kúrò lára sílè náà. Kí ọmọbìnrin yẹn fúnra rẹ̀ pè mí, kó tọrọ àforíjì.

Ọjọ́ 14 ni mo fún yín. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ìwé yín méjèèjì ń lọ sọ́dọ̀ àjọ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà. Lọ́yà mi á sì pè yín lẹ́jọ́ níbí, ní Ìlọrin. Màá gbé sílè méjèèjì wá sí kóòtù pẹ̀lú iná, kí adájọ́ fojú ara rẹ̀ wò ó.

Ẹ kọ̀wé lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí n fi èkejì náà ránṣẹ́ kí ẹ lè fi wọ́n wéra. Kò ní kúrò nílé mi. Ẹni tó bá fẹ́ rí i kó wá sí Tánkẹ̀, kó fọ ọwọ́ rẹ̀, kó di etí rẹ̀ mú, kó má fìka kan ojú rẹ̀.

Èmi ni,
Ẹni tí ẹ ń pè ní Màmá Ìlọrin.