Mac tuntun tí à ń retí

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Kí àwọn tó ń sá tẹ̀lé àhesọ nípa Mac tuntun, kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ Apple, kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ Mac Pro, èyí tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ ńlá, ná. Oṣù Kejìlá ọdún 2013 ni Apple gbé èyí tó rí roboto jáde. Oṣù Kejìlá ọdún 2019 ni àrọ́pò rẹ̀ tó délẹ̀. Ooru ló dá a dúró. Fáànù kan ṣoṣo ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí irin onígun mẹ́ta tí káàdì àwòrán 2 (èyí tó ń gbé àwòrán jáde) àti ṣíípù tó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀ jọ fara tì, kò sì gba káàdì ńlá kan tó ń gbóná gan-an. Apple fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ èyí fáwọn oníròyìn lóṣù Kẹrin ọdún 2017. Agbára iná tí ti 2019 lè pèsè di wáàtì 1,400 dípò 450, ó sì ní ojú ihò 8 tí a lè ki káàdì bọ̀.

Nítorí náà, ẹni tíṣẹ́ ń lé, kó ra èyí tó wà lọ́jà, ṣùgbọ́n kó wo mẹ́mọ́rì (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) dáadáa. Wọ́n jó ti Mac mini 2014, Mac kékeré, mọ́ bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ pinpin. Ẹni tó bá ra GB 4, 4 náà ni yóò máa lò títí. Ti 2018 ṣeé pààrọ̀.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.