Máàpù tí àlejò lè kà l'Ọ́jà Ọba

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ri pátákó máàpù mọ́lẹ̀ nílùú Ìlọrin.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni kí wọ́n tẹ máàpù kan ṣoṣo, tí àríwá wà lókè rẹ̀, kí wọ́n wá gbé e kọ́ káàkiri ìlú. Ẹni tó bá dúró kọjú sí gúúsù, ohun tó wà lọ́tùn-ún rẹ̀ ni yóò máa rí lápá òsì. Yóò yí orí títí, ọlọ́kadà náà ni yóò padà bi léèrè. Ibi tí òǹkàwé kọjú sí ló yẹ kó wà lókè. Bí pátákó bá lójú méjì, máàpù méjì la ó yà: ọ̀kan á dorí kodò sí èkejì, àmọ́ lẹ́tà á dúró ṣánṣán lórí méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì fa òbìrí yí ibi tí ẹsẹ̀ lè dé ní ìṣẹ́jú 5 ká. Mítà 400 ni ká fi ṣírò rẹ̀. Àlejò kì í bèèrè kìlómítà; ó fẹ́ mọ̀ bóyá òun lè fẹsẹ̀ rìn láti Ọjà Ọba dé ìdí Òkúta Ìlọrin, òkúta tí wọ́n ní wọ́n fi ń lọ irin láyé àtijọ́.

Orúkọ tí ará ìlú ń pe ibẹ̀ ni kí ẹ kọ: Post Office, Challenge, Gàm̀bàrí. Ẹ ya ilé gogoro mọ́ṣáláṣí ńlá síbẹ̀, torí òun lojú ń rí láti òkèèrè.

Ẹ má fi bánà ṣe é rárá. Oòrùn tètè máa ń jẹ àwọ̀ pupa, nítorí náà ẹ má fi pupa kọ "Ibi tí ẹ wà nìyí". Pánù alumíníọ̀mù mílímítà 3 ló dára. Kí àárín máàpù ga tó mítà 1.4, kí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ lè rí i.

Ẹ bá ìyálọ́jà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gbẹ́lẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọjà ni yóò bo pátákó náà. Ibòòji igi àti bẹ́ǹṣì ni kí ẹ wá fún un, kí àwọn tó ń gbé àdúgbò náà lè máa jókòó níbẹ̀.

Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ sórí pánù, ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà bó ṣe máa tóbi gan-an, ẹ gbé e dúró síbi tó máa wà, kí ẹ ní kí ẹni tí kò mọ ìlú wá ọ̀nà lọ sí Ẹbu Dada, níbi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò. Ibi tó bá ti dúró wòye, ibẹ̀ ni kí ẹ tún yà.

Ayàmáàpù kan,
Ìlọrin