Ọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ nílẹ̀ Yúróòpù

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Àwọn kan gbà pé Brussels, ibùjókòó Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, kì í gbọ́ ti aráàlú. Irọ́ ni o. Nígbà tí wọ́n ṣòfin ọdún 2006 láti ṣínà fún àwọn oníṣòwò káàkiri Yúróòpù, ariwo àwọn òṣìṣẹ́ wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n yọ ìtọ́jú ìlera kúrò nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó kan omi. Àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan fọwọ́ síwèé pé àwọn ò gbà kí omi bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, ni Brussels bá yọ omi kúrò nínú òfin iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe lọ́dún 2013.

Paris tiẹ̀ ti ṣáájú wọn. Ní 2010, wọ́n gba omi wọn padà lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ aládàáni. Lọ́dún kejì, owó omi wálẹ̀. Èyí tó tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín ni ẹ̀rọ tí wọ́n gbé sínú ọgbà Jardin de Reuilly: gbé ìgò rẹ sábẹ́ ẹ̀, tẹ bọ́tìnnì, omi tútù tó ń hó bíi mínírà á dà sí i, kọ́bọ̀ ò jáde lápò rẹ.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín n'Íbàdàn