Lẹ́tà sí Ṣadé nítorí ẹ̀rọ ṣúgà Màmá

Leeds, Ìlú Ọba

Ṣadé àbúrò mi,

Ẹ kú ilé o. Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ọ̀rọ̀ náà gba àlàyé, ni mo ṣe jókòó kọ ọ́.

O ní ṣúgà Màmá ti wálẹ̀ láti 238 sí 14, pé wọ́n ń dúpẹ́, wọ́n sì ti dá oògùn dúró. Jọ̀ọ́, kí wọ́n padà sídìí oògùn wọn lónìí, bí dókítà ṣe kọ ọ́ gan-an. Ṣúgà náà kò wálẹ̀. Ó tún gòkè sí i ni.

Òǹkà méjì ni wọ́n fi ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Láàbù tí ẹ lọ n'Íbàdàn lo mg/dL, bíi ti Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ tí mo rà níbí ń lo mmol/L, òun ni gbogbo ilé ìwòsàn Ìlú Ọba ń lò. Ṣé o wo ojú ẹ̀rọ dáadáa? Wọ́n kọ ọ́ wínníwínní sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà. Fi 18 sọ nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ di púpọ̀, wàá rí ti láàbù: 3.9 jẹ́ 70, 7 jẹ́ 126, 10 jẹ́ 180, 14 jẹ́ 252. Kọ wọ́n sára ògiri. Ẹni tí ṣúgà rẹ̀ bá jẹ́ 14 nínú òǹkà ti láàbù yẹn kò ní lè jókòó dúpẹ́, yóò ti dákú.

Màmá ní ẹ̀rọ ń parọ́, torí ó mú 14.2, ẹ tún un wọ̀n lójú ẹsẹ̀, ó mú 13.1. Kò parọ́. Lára strip yẹn, pélébé tí ẹ ń kì bọ ẹ̀rọ, ni ẹ́ńsáìmù kan wà, ohun tó ń mú kẹ́míkà yára ṣiṣẹ́, irú èyí tí wọ́n ń rí lára èbu dúdú, Aspergillus niger. Tí ẹ̀jẹ̀ bá kàn án, á já ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, hóró tíntín tó ń gbé iná, gbà lára ṣúgà, kẹ́míkà mìíràn á gbé e dé ojú irin tín-ínrín inú strip, ẹ̀rọ á wá wọn iná tó ń kọjá. Bí ṣúgà bá ṣe pọ̀ tó ni iná náà á pọ̀ tó. Leland Clark àti Champ Lyons ló kọ́kọ́ gbé ọgbọ́n yìí jáde l'Amẹ́ríkà ní 1962. Ní 1984, àwọn onímọ̀ Cranfield àti Oxford níbí rí i pé ferrocene, kẹ́míkà kan tó ní irin nínú, lè gbé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù náà láìdúró de ọ́síjìn. Nígbà tó di 1987, ó ti di ẹ̀rọ bíi bírò tí èèyàn ń lò nílé. Láyé àtijọ́, ìtọ̀ ni wọ́n ń sè pọ̀ mọ́ omi búlúù Benedict kó tó yí àwọ̀, ìtọ̀ kì í sì í sábà fi ṣúgà hàn àyàfi tó bá ti kọjá bíi 180 nínú ẹ̀jẹ̀. Mo fẹ́ kí Màmá mọ èyí, kí wọ́n má fojú kékeré wo ohun tó wà lọ́wọ́ wọn.

ISO 15197, ìlànà àgbáyé fún irú ẹ̀rọ yìí, gbà kí nọ́ńbà ẹ̀rọ fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ sí ti láàbù tí ṣúgà bá ti tó 100 mg/dL. Ọ̀kan náà ni 14.2 àti 13.1.

Ohun tó ń dùn mí ni ti strip. Ta ló ní kí ẹ kó wọn kúrò nínú ike wọn sínú náílọ́ọ̀nù? Ọ̀rinrin ló ń pa ẹ́ńsáìmù yẹn. Ohun tó ń fa ọ̀rinrin mu wà nínú ike náà. Tí o bá ti yọ ẹyọ kan, dé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Má gbé e sínú firíìjì, má gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n. Ibi tí ooru rẹ̀ kò kọjá 30°C ló dáa. Kí Màmá fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí wọ́n nù ún gbẹ, torí omi máńgòrò tó kù lórí ìka nìkan lè gbé nọ́ńbà sókè. Tí ẹ bá lo sípíríìtì, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ̀gbẹ́ ìka ni kí ẹ gún. Tí ẹ bá fún un jù, omi ara á là ẹ̀jẹ̀ náà. Àwọn ará àdúgbò tó ń yá ẹ̀rọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pín abẹ́rẹ́ tàbí ohun tí ẹ fi ń gún ìka rárá, nítorí àrùn ẹ̀dọ̀.

Tó bá sì wá bọ́ sísàlẹ̀ 3.9, ṣíbí tíì mẹ́ta ṣúgà nínú omi, kí wọ́n mu ún, kí ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15.

Mi ò bínú nítorí owó o. Ọjọ́ Jímọ̀ ni owó oṣù ń wọlé, màá fi owó ike méjì ránṣẹ́. Orúkọ ara ike gbọ́dọ̀ bá ti ẹ̀rọ mu, kí o sì wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́ kí o tó sanwó.

Ẹ mú ìwé nọ́ńbà yẹn lọ bá dókítà lọ́la, ẹ sọ ọjọ́ tí wọ́n dá oògùn dúró fún un, ẹ má fi pamọ́. Mélòó ló mú láàárọ̀ yìí kí Màmá tó jẹun?

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Adékúnlé